Bí Mo Ṣe Sẹ́ Àbúrò Mi Nítorí Òdòdó Japan

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé mi: Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi ní Kétù, tí ara mi dá ṣáṣá, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, tí mo sì fi ẹnu ara mi da ìrìn-àjò tí mo ti ń fi oṣù mẹ́ta pèsè rú. Kì í ṣe pé mo dà á rú nìkan, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Iṣẹ́ òdòdó ni mò ń ṣe. Ẹ má rò pé èyí tó ń hù nílẹ̀ ni o. Òdòdó onírọ́bà ni, èyí tí wọ́n ń kó wá nínú páálí. Mo ń tà á, mo sì ń fi í ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde. Láti Kétù títí dé Ìkòsí níbi tí à ń gbé, Mummy Fláwà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, ó sì dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé mo lórúkọ mìíràn. Nígbà tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ ni, mo sì ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí kí n máa nu eruku kúrò lára òdòdó tí kò lè kú.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Bùnmi. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ìyá wa kú nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, láti ìgbà náà ni mo ti ń di irun rẹ̀, tí mo sì ń bá a jà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò yé èmi fúnra mi. Orí rẹ̀ pé, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Japan. Ọdún kẹrin rẹ̀ níbẹ̀ ló kọ lẹ́tà kan sí mi lóṣù January, tó fi àwòrán sínú rẹ̀. Igi ló tò sí etí odò lọ súà, kò sí ewé kan lórí wọn, kìkì òdòdó ni, funfun tó fẹ́ máa pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òyìnbó. Ó ní sakura ni wọ́n ń pè é. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló máa ń tanná, gbogbo ìlú ni yóò sì jáde wá wò ó: wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á máa wo òkè. Bí ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ń wà lórí igi. Bí òjò bá lọ rọ̀ láàárín, kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

“Aunty mi,” ló kọ síbẹ̀, “èyí ni ìgbà ìkẹyìn tí màá bá òdòdó yìí níbí. Tí mo bá ṣe tán lóṣù September, mi ò mọ ibi tí iṣẹ́ máa gbé mi lọ. Ẹ wá, ká jọ wò ó. Iṣẹ́ òdòdó lẹ fi tọ́ mi, ó yẹ kẹ́ ẹ fojú rí ojúlówó.”

Mo ka lẹ́tà náà, mo sunkún, mo nu ojú, mo tún kà á. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n lọ, ohun tó bá yá kì í pẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti fojú kan ọmọ yìí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju pé kí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi yẹn kí òdòdó tó rẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kì í sọ. Yóò di ìgbà tó bá dé ọ̀hún, tó bá ya fọ́tò nínú yìnyín, kí aládùúgbò tó mọ̀ pé kò sí nílé mọ́. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ìyàwó rẹ̀ fi odindi oṣù mẹ́ta sọ fún wa pé ó wà ní balùwẹ̀. Germany ni bàbá náà wà. Ayé ló ń bà wá lẹ́rù. A gbà pé bí ẹnu bá ti kan ìrìn-àjò, físà ò ní jáde. Tèmi tilẹ̀ wá kọjá ààlà: láti ọjọ́ tí Bùnmi ti lọ ni mo ti ń sọ fún gbogbo ìjọ wa pé Ìlọrin ló ti ń kàwé.

Ọkọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Igi lo fẹ́ lọ wò,” ló wí, “o wá ń fi pamọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè. Ta ló máa jowú igi?”

Kò mọ Mummy Ìbùkún bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Mummy Ìbùkún ni akọ̀wé ìjọ wa, àgbà obìnrin tí awò ojú wọn máa ń rọ̀ sí ṣóńṣó imú, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti Kétù dé Mile 12 tí wọn ò ní béèrè. Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Wọ́n kàn máa ń béèrè ọ̀rọ̀ títí tí ìdáhùn yóò fi tán lẹ́nu ẹni ni. Àwọn ni mo fi ṣe olórí ayé tí mò ń sá fún.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn ni Dúpẹ́, tí a jọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Irọ́ kì í há a lọ́fun. Mo rò pé ẹ̀bùn ńlá nìyẹn fún ẹni tó ní àṣírí.

Ó wá ku ibi tí n ó sọ pé mò ń lọ. Mo dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò dá. Mo sọ ọ́ ní Màmá Àgbà, mo fún un ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo fi orúnkún dídùn lé e. Mo wí fún ìjọ pé ó ṣeé ṣe kí n máa lọ tọ́jú wọn lóòrèkóòrè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá ìjọ méje wọ ilé mi, Mummy Ìbùkún ló ṣíwájú. Wọ́n ti lọ sí Mile 12 láti ìdájí, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù òkè Ọya, wọ́n sì ra odindi apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan, ata rodo, àti ìdajì àpò àlùbọ́sà.

“Fún Màmá Àgbà ni,” Mummy Ìbùkún wí. “Ẹ bá wa gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Àìsàn kì í ṣe ohun téèyàn ń dá gbé.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n tòmátò kì í dúró de ẹni tí ojú ń tì. Ọjọ́ méjì ni mo fi lọ̀ ọ́ tí mo fi dín in, ọbẹ̀ kún gbogbo ìkòkò ilé, ọkọ mi sì sọ ọ́ ní ọbẹ̀ àbòsí. Ìyẹn ò ní kó má jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mummy Ìbùkún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ṣé Màmá jẹ tòmátò yẹn?”

“Wọ́n jẹ ẹ́, ma. Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ata rodo yẹn ńkọ́? Ó ta gan-an o.”

“Wọ́n jẹ ẹ́, ma.”

“Gbogbo ẹ̀? Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru?”

Mo ní iṣẹ́ ìyanu ni. Wọ́n ké halelúyà, wọ́n sì ní kí n bọ́ síwájú ìjọ wá jẹ́rìí. Mo sá wọ àárín àwọn akọrin, èmi tí mi ò lè kọ orin.

Bùnmi ti kìlọ̀ fún mi pé òtútù kì í tíì lọ tán nígbà òdòdó yẹn, kí n wá kóòtù. Mo lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Kétù, mo ra ọ̀kan tó nípọn bí tìmùtìmù, tó ní irun lọ́rùn. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láti wọ̀ ọ́ wò. Oṣù March nìyẹn, ooru mú, iná ò sì sí. Mo fa síìpù dé ọrùn, síìpù há. Mo fà á sókè, mo fà á sísàlẹ̀, Dúpẹ́ fi eyín fà á, kò gbọ́. Ibi tí a ti ń bá a jà ni mo ti gbọ́ ohùn níwájú: “Ẹ kú ọjà o! Ṣé Mummy Fláwà wà?” Kí n tó rí ibi sá sí, Mummy Ìbùkún ti wọlé. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ti awò ojú sókè, wọ́n tún wò mí.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ wọ kóòtù?”

“Òtútù ló ń mú mi, ma.”

“Nínú ooru yìí?”

“Ibà ni, ma.”

Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi níwájú orí, wọ́n sì fà á kúrò kíá. “Jésù! Ara yín gbóná bí ààrò!” Ta ni ara rẹ̀ kò ní gbóná nínú irun àgùntàn lóṣù March? Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n ní ilé ìwòsàn ló kàn. A la ọjà Kétù kọjá báyẹn, èmi nínú kóòtù, òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ sì ń kí mi pé, “Mummy London! Winter don land for Kétù?”

Nọ́ọ̀sì fi ìpara ra síìpù náà kó tó sọ̀. Ó wá fún mi ní abẹ́rẹ́ ibà méjì, ọ̀kan ní ìdí ọ̀tún, ọ̀kan ní ìdí òsì. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí abẹ́rẹ́ ibà ayé ìgbà náà, ẹ mọ bó ṣe máa ń mú kí ara yún ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi họra. Mo ń fi ẹ̀yìn ra ògiri bí ewúrẹ́. Mi ò rí oorun sùn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sígbà tí ibà ṣe mí, torí àwọn ìyá ìjọ ti ń gbààwẹ̀ fún mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni wọ́n máa ń wí, ṣùgbọ́n nígbà náà, èmi ò tíì rí ẹ̀tẹ́ kankan.

Nígbà tí ara mi rọ̀, mo gba Abuja lọ láti kó ìwé físà sílẹ̀. Mo sọ fún ìjọ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń lọ. Lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè nọ́mbà ibi iṣẹ́, mo sì kọ nọ́mbà fóònù orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù wa, torí fóònù orí tábìlì máa ń mú kí ènìyàn dà bí ẹni tó ní ọ́fíìsì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí mò ń lọ bá, mo kọ orúkọ Bùnmi, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Gbogbo ìwé pé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò kí n tó padà dé.

“Ọjọ́ mẹ́rin!” ni Mummy Ìbùkún wí nígbà tí wọ́n rí mi. “Ìjẹ̀bú-Igbó yìí wá ń jìnnà sí i o. Lọ́jọ́ mìíì, màá bá yín lọ kí Màmá.”

Mo sáré lọ bá Dúpẹ́. “Ìyá yìí ti fura,” mo wí fún un. “Wọ́n máa wá ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa, wọ́n á ní kó fi fóònù wádìí wa. Ẹni yòówù tó bá pè, kódà kó jẹ́ áńgẹ́lì, mi ò lọ síbì kankan. Ṣó o gbọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi,” ni Dúpẹ́ wí.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ló wá dé. Mò ń to òdòdó sínú agbọ̀n, Dúpẹ́ ń jẹ búrẹ́dì, fóònù orí tábìlì dún. Dúpẹ́ gbé e. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan kélekèle láti inú rẹ̀, òyìnbó rẹ̀ dán, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Dúpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó la ojú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dé o! Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ sí Japan.”

Mo fò dìde. “Ṣé mi ò sọ fún ẹ! Sọ pé mi ò lọ síbì kankan.”

“No, madam,” Dúpẹ́ wí sínú fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà di ti oníròyìn. “Our madam is not going anywhere. Japan ke? She has not passed Ṣágámù before.” Ó tún gbọ́, ó tún bo ẹnu fóònù. “Ó ní ṣé ẹ lábúrò níbẹ̀. Ó mọ orúkọ Bùnmi o!”

Ibí yìí ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi títí dòní. Mi ò ronú. Mo ju ọwọ́, mo ní, “Sọ pé mi ò ní àbúrò kankan ní Japan! Sọ pé mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà!” Dúpẹ́ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi “God forbid” tirẹ̀ kún un. Obìnrin náà béèrè bóyá èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó sọ pé mo kàn ń bá èèyàn tajà ni. Ó béèrè ibi tí mo wà. Mo ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ìgbẹ̀yìn, obìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ọ́fíìsì físà ní Abuja ni òun ti ń pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀. Ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé ti mọ̀. Àwa méjì nìkan ni a ò mọ̀ ní gbogbo Kétù.

“Ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀,” Dúpẹ́ dá a lóhùn. “Èmi náà, ààfin ọbabìnrin England ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.” Ó gbé fóònù kalẹ̀ gbì. A dì mọ́ra wa, a rẹ́rìn-ín, a lu tábìlì. Mo ránṣẹ́ lọ ra mọ́ọ̀tì tútù méjì láti fi yìn ín, mo sì ń wí fún un pé bó bá jẹ́ pé mo ní ẹni bíi tirẹ̀ mẹ́ta, ayé ò lè rí mi gbé ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bùnmi pè mí lórí fóònù alágbèéká mi. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

“Aunty mi,” ló wí, “wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì físà. Wọ́n ní àwọn pe ibi iṣẹ́ yín. Wọ́n ní ẹ ní ẹ ò ní àbúrò níbí.”

Mo jókòó sórí páálí òdòdó, páálí sì fọ́ mọ́ mi nídìí. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ohùn kékeré bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé: “Ṣé ẹ bínú sí mi ni? Ṣé torí pé mi ò tíì wálé láti ọdún mẹ́rin ni?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn oníbàárà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, Mummy Ìbùkún, Màmá Àgbà, kóòtù, abẹ́rẹ́, fóònù. Nígbà tó yá, ó ní òdòdó àkọ́kọ́ ti yọ lórí igi tó wà lẹ́yìn ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tètè wá nǹkan ṣe. Wọ́n ti sọ fún un pé bí mo bá lè mú ẹ̀rí wá pé ọmọ ìyá ni wá, àti pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tún ìwé mi wò.

Ibo ni ẹ̀rí wà? Ìwé ìrìbọmi Bùnmi sọnù nígbà tí à ń kó lọ sí ilé mìíràn. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ èmi àti tirẹ̀ ti wà pa pọ̀ lábẹ́ orúkọ ìyá wa ni ìwé ńlá tí ìjọ ń kọ ìrìbọmi sí. Ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé náà sì ń gbé. Omi tán lẹ́yìn ẹja.

Mo bá Mummy Ìbùkún ní ilé wọn ní Ìkòsí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi méjèèjì.

“Mummy,” mo wí, “kò sí Màmá Àgbà.”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. “Wọ́n ti kú?”

“Wọn ò bí wọn rí, ma.”

Wọ́n fi ẹ̀wà sílẹ̀. “Tòmátò wa ńkọ́?”

“Àwa la jẹ ẹ́, ma.”

“Ibà ńkọ́?”

“Kóòtù ni, ma.”

“Bùnmi ńkọ́?”

“Japan ló wà, ma. Láti ọdún mẹ́rin.”

“Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń gbàdúrà kí ìyanṣẹ́lódì parí ní Ìlọrin!” Wọ́n ń wò mí, mo sì ń retí ìgbájú. Ẹ̀rín ló jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín tí àtẹ ẹ̀wà fi dojú dé, tí awò ojú fi já bọ́, àwa méjèèjì sì wá ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà.

“Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi,” ni wọ́n wí. “Mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yín torí pé ẹ ò ní ìyá. Ẹ rò pé ẹnu ni màá fi ba tiyín jẹ́?”

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé síbẹ̀.

Wọ́n kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n da ojú ìwé ìrìbọmi náà kọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọ lé e níbi mẹ́ta. Wọ́n tún ní àwọn á bá mi dé Abuja, kí n má baà tún pa irọ́ mìíràn lójú ọ̀nà. Obìnrin tó gbà wá lálejò níbẹ̀ wo ìwé mi, ó wò mí, ó sì fi èdè Yorùbá geere sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kàn ń bá èèyàn tajà, àbí?”

Ohùn ọjọ́ yẹn ni.

“Mo ń gbọ́ yín lẹ́yìn fóònù,” ló wí. “‘Sọ pé mi ò ní àbúrò kankan.’ Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó lèmi náà ti wá.”

Mummy Ìbùkún na ọrùn síwájú. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Màmá Àgbà kan níbẹ̀?” Obìnrin náà ò lóye ohun tí wọ́n ń wí, èmi ni mo lóye. Ó gba ẹ̀rí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àwọn gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi tèmi sì ni. Ojoojúmọ́ ni Bùnmi ń pè: òdòdó ti tanná dáadáa, òdòdó ti kún gbogbo etí odò, òjò ń ṣú. Ọjọ́ tí físà mi jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ òdòdó mọ́. Ó kàn ní kí n máa bọ̀.

Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfurufú wọn, ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò béèrè ẹni tí mo wá bá. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké. “My sister! My junior sister! Same father, same mother!” Ọkùnrin náà sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo èrò wẹ̀yìn. Bùnmi sọ fún mi pé òun gbọ́ ohùn mi níbi tí òun dúró sí lóde.

Igi yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, odò yẹn wà níbẹ̀. Ewé ló kún orí igi, ewé tútù yọ̀yọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá tí òdòdó ti rẹ̀ dànù. Bùnmi tẹ́ ẹní síbẹ̀ náà, ó gbé jọ̀lọ́ọ̀fù tó sè kalẹ̀, a jókòó, a gbójú sókè. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, wọ́n á wo òkè, wọ́n á tún wò wá, bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ò rí.

“Aunty mi,” Bùnmi wí, “báwo lẹ ṣe rí i?”

“Ó jọ igi mángòrò ẹ̀yìn ilé wa.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín tèmi ṣe di ẹkún. Ọmọ tí mo di irun fún ti di àgbà obìnrin lẹ́yìn mi. Mo ní, “Bùnmi, má bínú pé mo sẹ́ ẹ.” Ó bu ìrẹsì kún tèmi, ó ní, “Ẹ ṣáà má sẹ́ mi mọ́.”

Mi ò ní kí ẹ máa tú gbogbo inú yín síta fún ayé o; ayé le. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo rò pé yóò ba tèmi jẹ́ ló bá mi tún un ṣe, èmi tí mò ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì sì ni mo ba ara mi jẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, àmọ́ òtítọ́ ò dá òdòdó padà sórí igi. Bùnmi ti kúrò ní Japan tipẹ́, mi ò sì tún débẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó sábẹ́ igi mángòrò ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkòsí, mo máa ń gbójú sókè, ẹ̀rín á gbà mí: èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ wákàtí fò lójú òfurufú, nínú kóòtù onírun, láti lọ wo ewé.